Ìmọ̀ Ibi Tí Ó Yẹ Kí Ìpè Dúró: Ìtàn Ìdíje Ìpè Nínú Eré Káàdì Bridge àti Ọ̀ràn Sìmẹ́ǹtì Èbúté Àpápá ní 1975

Ìfáárà

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ kò ní àdììtú nínú: ajé ti gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àdúgbò náà múlé ti èbúté Àpápá, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ èbúté ni ó sì ti fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí èbúté olómi jíjìn sí Àpápá ní 1926. Ṣùgbọ́n ajé kì í dá gúnlẹ̀. Gbàǹjo, àdéhùn àti ìtanràn ni wọ́n jọ máa ń sọ̀kalẹ̀ láti inú ọkọ̀. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí dá lé ni èyí tí gbogbo ẹni tí ó bá wọ irú òwò bẹ́ẹ̀ ní láti dáhùn: nígbà tí ènìyàn bá ń bá ẹlòmíràn díje lórí iye, tí kò sì rí ohun tí ó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, báwo ni yóò ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí òun dúró?

Ohun méjì tí ó jìnnà sí ara wọn ni a ó fi wá ìdáhùn. Èkíní ni ìtàn ìpè nínú eré káàdì Bridge, nítorí pé àwọn tí ó ń ta á ti ń jiyàn lórí ìbéèrè yìí gan-an fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n sì kọ iyàn wọn sílẹ̀. Èkejì ni ọ̀ràn sìmẹ́ǹtì tí ó dí èbúté Àpápá pa ní 1975. A kò sọ pé àwọn tí ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn sìmẹ́ǹtì náà mọ Bridge í ta. Ohun tí a sọ ni pé irú ìdájọ́ kan náà ni ọ̀ràn méjèèjì béèrè lọ́wọ́ ènìyàn.

Àwọn onímọ̀ wa ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ayò ọlọ́pọ́n, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ayò kò lè dáhùn ìbéèrè yìí. Ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú ihò 12, gbogbo wọn ni ó sì hàn sójú ọ̀ta àti òpè. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà jù ni yóò pa ẹnìkejì rẹ̀. Nínú Whot, tí William Henry Storey ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935, tí àwa ọmọ Nàìjíríà sì wá sọ di tiwa pátápátá, káàdì fara pamọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń ṣèlérí ohunkóhun kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bridge ni ó pa méjèèjì pọ̀: òkùnkùn àti ìlérí.

Kí a má sì rò pé ìdíje iye ṣàjòjì sí Yorùbá. Ní Freetown, ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Àkú, ìyẹn àwọn Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun, máa ń lọ síbi gbàǹjo ẹrù àti ọkọ̀ tí ilé ẹjọ́ gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Owó ẹnì kan nínú wọn kò tó. Wọ́n á pa owó pọ̀, ẹnì kan á sì pè fún gbogbo wọn. Èyí mú kí wọ́n lè bá àwọn oníṣòwò aláwọ̀ funfun díje, kò sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ìpè tiwọn gbé iye lé ara wọn lórí. Láti 1839 lọ, irú ọkọ̀ tí wọ́n rà ní gbàǹjo bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan nínú wọn fi padà sí Badagry. Ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrú tẹ́lẹ̀ ni ẹni tí ó ti jẹ́ ẹrú fi ń padà sílé. Ìtàn kì í sábà dùn tó bẹ́ẹ̀.

Bí ìpè ṣe wọ inú Bridge

Ènìyàn 4 ni ó máa ń ta Bridge, méjì sí méjì, ẹni àti ẹnìkejì rẹ̀ á sì kọjú sí ara wọn. Káàdì 52 ni, 13 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Olúkúlùkù á ju ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ni yóò kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí ni a ó máa pè ní ìkó. Ìkó 13 ni ó wà nínú eré kan. Nínú ọ̀wọ́ káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Spade, Heart, Diamond àti Club, a lè fi ọ̀kan jẹ ọba, tí yóò máa borí àwọn yòókù.

Nínú ìwé pélébé tí wọ́n tẹ̀ ní London ní 1886, níbi tí orúkọ eré náà ti jẹ́ Biritch, ẹni tí ó pín káàdì tàbí ẹnìkejì rẹ̀ ni ó máa ń yan ọba. Alátakò kò lẹ́nu níbẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni ìpè wọlé: ẹgbẹ́ tí ó bá ṣèlérí ìkó púpọ̀ jù ni yóò yan ọba. Wọ́n sọ ọ́ ní Auction Bridge, gbàǹjo gan-an ni orúkọ náà sì túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n àlébù kan wà nínú òfin rẹ̀. Ẹni tí ó ṣèlérí ìkó 7, tí ó sì kó 10, gba èrè 10 pé. Kò sí ohun tí ó ń tì í láti pè ju bí ó ti tó láti pa alátakò lẹ́nu mọ́.

Àwọn Faransé tún èyí ṣe nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní plafond: ohun tí ènìyàn bá ṣèlérí nìkan ni yóò ràn án lọ́wọ́ láti jẹ ìpele. Harold Vanderbilt, ará Amẹ́ríkà, ọmọ ìdílé tí ó là nídìí rélùwéè àti ọkọ̀ ojú omi, ni ó mú un dé ibi tí ó wà lónìí. Inú ọkọ̀ òkun tí ń jẹ́ Finland ni ó wà ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún 1925, tí wọ́n ń gba Panama lọ sí Havana. Ó gbé èrè ìpè ńlá ga, ó sì gbé ìtanràn ga pẹ̀lú, pàápàá fún ẹgbẹ́ tí ó bá ti jẹ ìpele kan. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti wọ ipò ewu. Bí ó bá kùnà, ìtanràn rẹ̀ á wúwo ju ti ẹni tí kò tí ì jẹ nǹkan kan. Contract Bridge ni orúkọ tuntun náà. Gbàǹjo ti di àdéhùn.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ìpè 1 jẹ́ ìlérí ìkó 7, ìpè 3 jẹ́ 9, ìpè 4 jẹ́ 10, títí dé ìpè 7 tí ó jẹ́ ìkó 13 pátá. Ẹni tí ó bá pe 2 tí ó sì kó 10 ti ba èrè ara rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí ó bá pe 4 tí ó kó 8 yóò san ìtanràn ìkó 2, bí alátakò bá sì ti pe dọ́bù mọ́ ọn, ìtanràn náà yóò pọ̀ sí i. Ẹni tí ó bá dákẹ́ ti fi eré sílẹ̀ fún alátakò. Ìgbà mìíràn sì wà tí ó sàn kí ènìyàn mọ̀ọ́mọ̀ pe ohun tí kò lè kó, nítorí pé ìtanràn tí yóò san kéré sí èrè tí alátakò ìbá jẹ. Ìpè tí a kò pè nítorí àtijẹ yìí ni ó nira jù láti dájọ́ lé, nítorí pé bí alátakò kò bá lè kó ohun tí òun náà pè, ẹni tí ó fi ara rẹ̀ rúbọ ti san gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.

Ìdílé Bennett àti ìdíje Culbertson

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìrìn àjò Vanderbilt, ìpè kan la ẹ̀mí lọ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án 1929, ní Kansas City, John Bennett àti ìyàwó rẹ̀ Myrtle jọ jẹ́ ẹnìkejì ara wọn, wọ́n ń bá tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ aládùúgbò wọn ta káàdì. Ìpè 4 nínú Spade ni wọ́n dé. Ọkọ ni ó ta á, ó sì kùnà. Aya bú u, ọkọ gbá a létí, aya lọ mú ìbọn, ó sì yìn ín pa. Ní 1931, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀. James Reed, tí ó ti jẹ́ sẹ́nétọ̀ rí, ni ó gbẹjọ́ rò fún un.

Àwọn ìwé Bridge sábà máa ń tẹ káàdì tí wọ́n ní àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn gbọ́dọ̀ fura sí i. Àwọn amòye Bridge ni ó to káàdì náà jọ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan ṣàlàyé lé lórí. Ohun tí ó dájú ni pé wọ́n pe 4, pé kò bọ́ sí i, àti pé tọkọtaya náà kò lè fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó pè jù. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó kan iṣẹ́ wa. Nínú Bridge, ẹni tí ó pè jù lè má jẹ́ ẹni tí ó ta káàdì náà. Ẹnìkejì rẹ̀ ni ó lè ti gbé e gun òkè tí kò ní àtẹ̀gùn.

Ely Culbertson lo ìròyìn ikú yìí láti polówó eré náà, tìtìjú kò sì sí lára rẹ̀ rárá. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1930 kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fi ìpè bá ẹnìkejì wọn sọ̀rọ̀. Láti oṣù Kejìlá 1931 sí oṣù Kìn-ín-ní 1932, òun àti ìyàwó rẹ̀ Josephine bá Sidney Lenz díje ní New York, àwọn oníròyìn sì ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ bí ẹni pé ogun ni. Lẹ́yìn ìdíje 150, máàkì 8,980 ni Culbertson fi borí. Lójú tiwa, ìdíje náà kò fi ìdí ọgbọ́n ìpè ẹnikẹ́ni múlẹ̀ tó bí àwọn oníròyìn ṣe rò, nítorí pé káàdì tí ó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó sọ ìdájọ́ ìpè di ohun tí gbogbo ayé ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Òǹkà ti ẹgbẹ́ méjèèjì

Ọ̀nà kan tí ó tàn kálẹ̀ láti díwọ̀n agbára ni òǹkà tí Charles Goren sọ di ti gbogbo ènìyàn láti 1949. Ace jẹ́ 4, King jẹ́ 3, Queen jẹ́ 2, Jack jẹ́ 1. 40 ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀nà yìí dára nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ní 26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí alátakò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ní 20, tí àwọn méjèèjì sì ń pè, òǹkà Goren kò sọ ohunkóhun fún ni. Ibẹ̀ gan-an sì ni ìdíje wà.

Ará Faransé kan, Jean-René Vernes, ni ó la ọ̀nà níbẹ̀. Nínú àwọn ìdíje àgbáyé tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, ó ṣe àkíyèsí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Ó gbé e jáde fún àwọn tí ó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1969. Ohun tí ó sọ nìyí: ka káàdì tí ẹgbẹ́ tìrẹ ní nínú ọ̀wọ́ tí ó gùn jù lọ́wọ́ yín, ka ti alátakò nínú ọ̀wọ́ tí ó gùn jù lọ́wọ́ tiwọn, pa méjèèjì pọ̀. Iye náà ni yóò súnmọ́ àpapọ̀ ìkó tí ẹgbẹ́ méjèèjì lè kó, bí olúkúlùkù bá fi ọ̀wọ́ tirẹ̀ jẹ ọba.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹgbẹ́ wa ní Spade 9, àwọn alátakò ní Heart 9. Àpapọ̀ ìkó jẹ́ 18. Wọ́n ti pe Heart 3. Ṣé kí a pe Spade 3? Bí ìkó bá pín sí 9 àti 9, a ó jẹ máàkì 140 dípò kí àwọn jẹ 140. Bí ó bá jẹ́ 8 fún wa àti 10 fún wọn, a ó san 50 dípò kí a fún wọn ní 170. Bí ó bá jẹ́ 10 fún wa àti 8 fún wọn, a ó jẹ 170 dípò 50. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ìpè fi dára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gun orí Heart 4, ọ̀rọ̀ yí padà. Bí ìkó bá jẹ́ 9 àti 9, wọn kò ní lè kó ohun tí wọ́n pè. Ẹni tí ó bá tún pe Spade 4 lé e lórí ti gba ìtanràn kúrò lọ́rùn wọn, ó ti fi kọ́ ọrùn ara rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ìwé Larry Cohen tí ó jáde ní 1992 ni ó sọ òfin Vernes di ohun tí gbogbo atakáàdì mọ̀. Ní 2004, Mike Lawrence àti Anders Wirgren kọ ìwé láti takò ó. Wọ́n ní òfin náà máa ń tàsé nígbà púpọ̀, àti pé bí káàdì ṣe pín kúkúrú àti gígùn ṣe pàtàkì jù. Òótọ́ wà lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, ohun tí Vernes mú wá kò sí nínú ìṣirò nìkan. Ó kọ́ni pé ẹni tí ó ń díje kò gbọ́dọ̀ ka ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan, àti pé kí ó ka ti ẹnìkejì ní pípé, bí ẹni pé onítọ̀hún yóò lo gbogbo ohun tí ó ní.

Àpápá, 1975

Owó epo rọ̀bì fò sókè láàárín 1973 sí 1974. Ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon fẹ́ kọ́ bárékè, ọ̀nà àti ilé. Àdéhùn ríra sìmẹ́ǹtì ni wọ́n bá ń tọwọ́ bọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Gẹ́gẹ́ bí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní New York ṣe to ìtàn náà nínú ìdájọ́ rẹ̀ ní 1981, àdéhùn 109 ni Nàìjíríà bá àwọn olùtajà 68 ṣe. Sìmẹ́ǹtì tí ó lé ní tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 16 ni gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ sì súnmọ́ bílíọ̀nù dọ́là kan. Àdéhùn àwọn olùtajà mẹ́rin tí ó pe ẹjọ́ náà jẹ́ tọ́ọ̀nù 240,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tí àwọn èbúté wa lè gbà lọ́dún kò ju tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan sí márùn-ún lọ.

Ǹjẹ́ kí ni ó mú wọn pè tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń fi ìwà ìbàjẹ́ nìkan dáhùn, ìjọba tí ó tẹ̀lé e náà sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ Belgore. A kò jiyàn pé àwọn kan jẹun níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojúkòkòrò ṣàlàyé ẹni tí ó jèrè. Kò ṣàlàyé mílíọ̀nù 16. Ìdájọ́ New York náà fún wa ní ìdáhùn tí ó yẹ kí a dúró tì: àwọn aláṣẹ wa retí pé ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún péré nínú àwọn olùtajà ni yóò lè mú àdéhùn ṣẹ. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdá ogún nínú mílíọ̀nù 16 jẹ́ mílíọ̀nù 3.2, èyí sì bọ́ sínú ohun tí èbúté lè gbà. Nítorí náà, wọ́n kà. Ohun tí wọ́n kà ni àìlè ṣe àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n pe 7 lórí ìrètí pé ẹni tí ó wà níwájú wọn yóò gbàgbé káàdì rẹ̀ sílé.

Àwọn olùtajà kò gbàgbé. Nígbà tí ó fi di oṣù Keje 1975, ọkọ̀ tí ó lé ní 400 ni ó wà ní ojú omi Èkó tí ń dúró, 260 nínú wọn ni ó ru sìmẹ́ǹtì. Owó ìdádúró sì ń ka ara rẹ̀ lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà gan-an, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon, Murtala Muhammed sì bọ́ sí i. Ní oṣù Kẹjọ, aláṣẹ èbúté pàṣẹ pé ọkọ̀ tí ó bá ń bọ̀ ní Èkó gbọ́dọ̀ fi tó wọn létí ní oṣù méjì ṣáájú kí ó tó ṣíkọ̀. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n sọ ọ́ di òfin tí ó ní ìjìyà nínú. Wọ́n tún sọ fún ilé ìfowópamọ́ pé kí ó má san owó mọ́.

Yorùbá ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Nínú Bridge, ìpè tí ó bá ti jáde kò ṣeé gbà padà. Ìwé ìsanwó tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kọ fún àwọn olùtajà náà jẹ́ irú èyí tí kò ṣeé fagi lé. Ọ̀pọ̀ olùtajà gbà kí wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ nítùnbí-ìnùbí. Àwọn tí kò gbà lọ sí ilé ẹjọ́, ìjọba wa sì dáhùn pé orílẹ̀-èdè olómìnira kì í jẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ẹlòmíràn. Ní London ní 1977, nínú ẹjọ́ tí ilé iṣẹ́ Trendtex pe Báńkì Àpapọ̀, Lord Denning àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gba àwíjàre yìí. Ní 1981, ilé ẹjọ́ New York náà kò gbà á. Kókó ìdájọ́ méjèèjì ni pé ẹni tí ó bá wọ ọjà bí oníṣòwò yóò dáhùn bí oníṣòwò. Títí di òní, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ṣì ń ka ẹjọ́ sìmẹ́ǹtì wa.

Àfiwé yìí ní ààlà rẹ̀, a kò sì gbọ́dọ̀ fà á já. Olùtajà kì í ṣe alátakò ìjọba bí ẹgbẹ́ méjì ṣe ń takora nínú Bridge. Ìlérí ti ara wọn ni wọ́n jọ ń gbà. Kò sì sí ẹni tí ó ń díje pẹ̀lú Nàìjíríà láti ra sìmẹ́ǹtì náà. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni ìdíwọ̀n: èbúté ni ọ̀wọ́ ọba tí a ní lọ́wọ́, bí ó sì ti gùn tó ni ìpè wa lè ga mọ. Owó epo kò fi káàdì kan kún un.

Àwọn aláṣẹ gbọ́ èyí lẹ́yìn ìtanràn. Wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977, kí ọ̀wọ́ lè gùn sí i. Ní 2006, ìjọba yá ilé iṣẹ́ àdáni àwọn ibi ìjẹrù ní Àpápá lẹ́yìn ìdíje ìpè. APM Terminals ni ó gba ti àwọn kọ̀ǹtéénà, fún ọdún 25. Àwọn tí ó pè nígbà náà ka ẹ̀rọ agbẹ́rù, wọ́n ka ìdíkọ̀, wọ́n ka iye ọkọ̀ òkun tí yóò wá. Kò pẹ́ púpọ̀ tí a fi rí i pé ẹrù tí ó ti inú ọkọ̀ òkun jáde tún ní láti gba ojú títì kọjá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ tírélà ni ó dí ọ̀nà Àpápá pa, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ tí wọn kò ra kọ̀ǹtéénà kankan sì ń fi wákàtí púpọ̀ rìn ìrìn tí kò jìnnà. Ìgbà tí ó di oṣù Kejì 2021 ni aláṣẹ èbúté gbé Ètò kalẹ̀, èyí tí ó ń fi kọ̀ǹpútà pe ọkọ̀ ẹrù wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí a bá kà á láti 2006, ọdún 25 àdéhùn náà yóò pé ní 2031.